Ṣẹ́ẹ̀kì Kẹta Tí Kò Dé

Kíín, kọ̀ọ̀n, kíín, lẹ́yìn náà ṣìììì, bí omi tó dà sórí irin gbígbóná. Àwọn ọmọ ìwòyí ò lè mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà yẹn, kí kọ̀ǹpútà tó lè bá ayé sọ̀rọ̀, inú wáyà tẹlifóònù ló ń gbà, bó bá sì ti ń wá ọ̀nà, á máa ké. Bó bá dákẹ́ lójijì, o ti wọlé nìyẹn, owó wákàtí rẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Mo ti pẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀ débi pé èdè méjì ni mo fi ń lá àlá. Síbẹ̀, ìró yẹn ò kúrò létí mi, torí pé ìgbà tó ń ké lọ́wọ́ ni obìnrin kan ti ilẹ̀kùn kafé tí mo ti ń háyà kọ̀ǹpútà wọlé. Ó dúró, ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń fún lọ́rùn níbí?"

Ọ̀gá Kafé rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Èmi ni mo dá obìnrin náà lóhùn. Mo ní, "Kò sẹ́ni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, àǹtí. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń wọlé."

"Ó mà jìyà o, kó tó wọlé," ló wí, ó sì na ìwé kan sí wa. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ Ọ̀gá Kafé dí, mo bá a tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo parí, ó kà á látòkè délẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi mẹ́rin tí mo ti ṣì í.

"Bọ̀dá, ká ní kíláàsì mi lẹ wà ni, ẹ máa tún kíláàsì kà."

Bí a ṣe mọ ara wa nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Tíṣà, kò sì sí orúkọ mìíràn tí ọkàn mi fi mọ̀ ọ́n.

Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí nígbà náà. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní agboòrùn kan tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Mo wáṣẹ́ títí bàtà mi fi lu. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé àwọn kan ń jókòó sójú kan, wọ́n ń kọ nǹkan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, owó sì ń wọlé fún wọn. Mo bá lọ háyà àga kan ní kafé, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, torí pé owó àárọ̀ ló rọjú jù.

Ìkànnì mi àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ò sí níbẹ̀: ìlera, bọ́ọ̀lù, bí èèyàn ṣe lè dín sísanra kù, ìtumọ̀ àlá. Ibi tí mo bá ti rí i ni mo ti ń dà á kọ. Mo rò pé ẹni tó bá ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á kàn máa wọlé ni. Lóṣù mẹ́ta, ìgbà mọ́kànlá péré ni wọ́n ṣí i, èmi fúnra mi ni mo sì ṣí i nígbà mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ra ìwé àṣírí kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí mi ò rí sójú rí, tó ní bí mo bá kà á, owó á máa wọlé nígbà tí mo bá ń sùn. Mo kà á. Àṣírí tó wà níbẹ̀ ni pé kí èmi náà kọ ìwé àṣírí, kí n máa tà á fún ẹlòmíràn. Mo sùn lóòótọ́. Ebi ló ń jí mi.

Tíṣà ti ń yà ní kafé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nígbà náà. Ó ní ìwé ìdánwò ni òun ń bá wá, ṣùgbọ́n ìdánwò kì í wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó jókòó tì mí, ó ń wo bí mo ṣe ń da ìwé oníwèé kọ.

"Kí lẹ mọ̀ tí ẹlòmíràn ò mọ̀?" ló bi mí.

"Kò sí."

"Ọdún mẹ́rìnlá yẹn ńkọ́? Oorun lẹ fi sùn?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ? Ta ló fẹ́ jókòó ka ìyẹn?"

"Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n òun ló yí ayé mi padà. Mo pa gbogbo ìkànnì ìjọ́sí rẹ́, mo dá òmíràn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan: ìdí tí òwú fi ń já, ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń fo aṣọ, bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ láìsọ nọ́ọ̀tì kankan nù. A yá kámẹ́rà, Tíṣà ń fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí mò ń ṣàlàyé, mò ń yà á. Kò pé oṣù méjì tí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ìlú tí mi ò mọ apá ibi tó wà. Obìnrin kan kọ̀wé pé ẹ̀rọ ìyá òun tó ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́fà ti ń ṣiṣẹ́ padà. Mo ka lẹ́tà yẹn fún Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n tún un kà.

Ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń fi ìpolówó ọjà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí èèyàn bá kọ. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Tíṣà fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

"Ta ló ń sanwó?"

"Ẹni tó fẹ́ polówó ọjà rẹ̀. Bí ẹni tó wá kàwé mi bá tẹ ìpolówó náà, wọ́n á fi owó táṣẹ́rẹ́ kan sórúkọ mi. Tó bá ti pé iye tí wọ́n dá, wọ́n á fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́."

"Kí wọ́n ṣáà tẹ̀ ẹ́?"

"Kí wọ́n ṣáà tẹ̀ ẹ́. Bí gbogbo ilé yín bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, a ó ti ṣègbéyàwó kí ọdún tó parí."

Àwàdà ni mo fi ṣe. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fún un rí. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò.

"Ṣé ohun tí mo gbọ́ yẹn lẹ sọ?"

"Òun ni."

"Ẹ ò ṣe kọ́kọ́ bi mí?"

"Mò ń bi ọ́ báyìí."

Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì mí kanlẹ̀. "Ẹ lọ bá bàbá mi," ló wí. "Ẹ má dá lọ o. Ẹ mú àǹtí mi dání."

Àǹtí yìí ni àbúrò ìyá rẹ̀, onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú kafé gan-an. Ìyá Tíṣà ti kú, àǹtí yìí nìkan sì lẹni tó lè dá bàbá rẹ̀ lẹ́kun ọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń lọ, ó ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà.

"Tó bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, dá a lóhùn ní ṣókí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Tó bá ti gùn jù, á gé e."

A bá bàbá náà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fi ráńdà fá pákó, ìyẹ̀fun igi ti bo bàtà rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Mo kí i, ó dáhùn.

"Kí niṣẹ́ rẹ?"

"Mo ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bàbá. Mò ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe."

"Níbo?"

"Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sà."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Mo ní, níbo?"

Ó gbé ráńdà sílẹ̀, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ta lọ̀gá rẹ?"

"Mi ò tíì rí i rí, sà."

"Òun ńkọ́? Ó ti rí ọ?"

"Rárá, sà."

"Tí wọ́n bá lé ọ lọ́la, ta lo máa lọ bá? Ilẹ̀kùn ta lo máa kàn?"

Àǹtí Onídìrí dá sí i. "Bọ̀dá, ẹ ò ṣe jẹ́ kó jókòó ná?"

"Kò sí àga. Èyí tí mò ń kàn lọ́wọ́ nìyí." Ó kọjú sí mi padà. "Ọmọ mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò dí i lọ́nà. Akọ̀wé kan ti wá kí mi lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò tíì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní fa ọmọ mi lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Mú ṣẹ́ẹ̀kì kan wá kí n fọwọ́ kàn án. Oṣù tó tẹ̀ lé e, tún mú òmíràn wá. Oṣù tó tẹ̀ lé ìyẹn náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lè jẹ́ èèṣì, méjì lè jẹ́ oríire. Tó bá di mẹ́ta, màá mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún ni mo fún ọ mọ."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Afẹ́fẹ́ nínú ilé wọn. Tíṣà náà pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé ó dùn mí, kò pè é mọ́.

Ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ dé. Bàbá náà gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná họ ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Nígbà tí mo mú èkejì wá, ó wò ó, ó dá a padà, ó sì sọ fún Àǹtí Onídìrí bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀: "Ní kí ó ra bàtà." Àǹtí sáré wá bá mi lójú ọ̀nà. "Ó ti gbà ọ́ tán o. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọ, kí ló kàn án nínú bàtà rẹ?"

Inú oṣù ṣẹ́ẹ̀kì kẹta ni nǹkan yíwọ́. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ dòní. Bóyá àwọn tó ń wá ẹ̀rọ ìránṣọ lọ fún ìsinmi ọdún ni, bóyá ẹlòmíràn kọ tirẹ̀ tó dára ju tèmi lọ. Àwọn tó ń wá sórí ìkànnì mi fi ìdajì dín, wọ́n tún dín. Mò ń kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ta àpótí irinṣẹ́ mi, èyí tí mo fi ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá, kí n lè máa rówó wákàtí san. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mò ń jẹun. Bí aago kan bá lù tí mo dìde lórí àga, màá fi omi pa ebi.

"Ẹ ti rù," ni Tíṣà wí.

"Iṣẹ́ ni."

"Èló ló kù kó pé?"

Mo sọ fún un. Ó yọ ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì tó wà létí aṣọ rẹ̀ kúrò, ó ní òun ń padà sí kíláàsì.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún parí, owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ó yà mí lẹ́nu. Ọjọ́ kẹta mo ti ń sọ fún ara mi pé èmi náà ti mọ iṣẹ́ yìí, pé àkòrí tuntun tí mo fi sí i ló ń fa èèyàn. Ẹ wo bí ìgbéraga ṣe yára dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó pé iye tí wọ́n dá, ó tún lé. Mo lọ gẹrun. Mo rìn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Onídìrí, àwọn oníbàárà rẹ̀ kí mi kú ìnáwó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ gbá ara wọn nítan. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà dé. Gbólóhùn mẹ́rin ni. Wọ́n ní àwọn ti rí títẹ̀ tí kò bófin mu lórí ìkànnì mi, àwọn ti fagi lé orúkọ mi, àwọn sì ti dá owó náà padà fún àwọn tó polówó. Wọ́n ní ìpinnu yìí kò ṣeé yí padà.

Mo kọ̀wé sí wọn pé mi ò ṣe nǹkan kan. Èsì dé kí ìṣẹ́jú kan tó pé: gbólóhùn mẹ́rin yẹn náà ni. Mo tún kọ. Mo sọ fún wọn nípa obìnrin tí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ jí, mo sọ pé mo fẹ́ ṣègbéyàwó, mo bẹ̀ wọ́n bí ẹni tó kúnlẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kọ ọ́. Ìgbà tí ẹ̀karùn-ún dé ni mo tó mọ̀ pé kò séèyàn nídìí rẹ̀, ẹ̀rọ ni mò ń bẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ìbéèrè gbẹ́nàgbẹ́nà. Ilẹ̀kùn ta ni mo máa kàn?

Ọ̀gá Kafé rí ojú mi, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó ka lẹ́tà náà.

"Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan fún ọ," ló wí. "Tíṣà ni. Ní gbogbo ọ̀sán, bó o bá ti lọ, ó ń wá. Òun àti àwọn oníbàárà àǹtí rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn, ìdajì orí ni wọ́n tíì dì, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa tẹ ìpolówó rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n má sọ fún ọ, pé tó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó yín lòun máa fi ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ń san owó wákàtí?"

"Òun ni. Owó oṣù rẹ̀ ló fi san án. Mo ṣírò rẹ̀ fún un, mo ní Tíṣà, ohun tí ẹ̀ ń ná yìí ju ohun tí títẹ̀ yẹn ń mú wọlé lọ. Ó ní kì í ṣe owó lòun ń wá, ṣẹ́ẹ̀kì ni."

Mo wá ìwé òfin ilé-iṣẹ́ náà jáde. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ni. Lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀, méjì péré ni mo kà, mo fọwọ́ sí i. Ó wà ní ojú ewé kẹfà, ó hàn kedere: o kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ, o kò sì gbọdọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni bá ọ tẹ̀ ẹ́. Orí kọ̀ǹpútà kan náà ni wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀, ní ọ̀sán mẹ́sàn-án léraléra. Ọmọdé á mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu, lọ́jọ́ tí mo ní kí gbogbo ilé wọn máa tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà láyà mi lọ́jọ́ náà, ìbínú ni, ó gbóná bí ààrò. Ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ni mò ń wí nínú mi. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, mo lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo dá lọ.

"Ṣẹ́ẹ̀kì dà?"

"Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa, sà."

Irọ́ tó yá mi lẹ́nu nìyẹn. Ó wò mí. Mò ń retí kó fi mí rẹ́rìn-ín, kó sọ pé ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó fa àpótí kan, ó ní kí n jókòó. Òun náà jókòó.

"Ẹ̀rọ ayùn mi tó wà lẹ́yìn yẹn, ó ti kú látọdún tó kọjá," ló wí. "Wọ́n ní ìwọ mọ ìdí ẹ̀rọ. Tún un ṣe fún mi. Tó bá ń ṣiṣẹ́, máa bá mi lò ó. Ọdún kan. Kò sí owó ńlá níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo lo ti ń ṣiṣẹ́, màá lè na ọwọ́ sí ọ. Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì ti tán."

Títí dòní, bí mo bá dé ibi yìí nínú ìrántí, mo máa ń dìde kúrò lórí àga. Mo wo ẹ̀rọ ayùn náà. Ibi tí mo jókòó sí, mo ti rí ohun tó ṣe é, kò lè gbà ju wákàtí méjì lọ. Mo ní:

"Ẹ ṣeun, sà. Kì í ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń wá nìyẹn."

Ó dìde, ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n wọlé padà sílé ìwé ni Tíṣà dúró dè mí lẹ́nu géètì. Àwọn ọmọ ń kọjá láàárín wa, wọ́n ń kí i, kò dá wọn lóhùn.

"Bàbá mi ní òun fún yín níṣẹ́, ẹ kọ̀ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ní wọ́n ti ilé-iṣẹ́ yẹn pa."

Mo yẹ̀ fún ọmọ kan kó kọjá.

"Mo wo ìkànnì ẹlòmíràn láàárọ̀ yìí. Ìpolówó wọn wà níbẹ̀. Wọn ò ti nǹkan kan. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ṣé èmi ni mo ṣe ohun kan ni? Ẹ bá mi wí, kí n mọ̀."

Ó di apá mi mú. Àyè nìyẹn. Gbólóhùn kan ló kù kí n sọ, à bá jọ sunkún níbẹ̀, ká jọ rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó bá pẹ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò mọ nǹkan kan, inú mi sì dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn pé ìyà ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ mí.

"O ò ṣe nǹkan kan," ni mo wí, mo sì gba apá mi.

"A jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ mi ni," ló wí jẹ́ẹ́, ó sì wọlé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún náà, mo bá àwọn kan kúrò nílùú. Mo ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, mo ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí, nígbà tó yá mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mi ò gbéyàwó. Mo gbọ́ pé ó fẹ́ akọ̀wé yẹn, pé èèyàn dáadáa ni, pé wọ́n bí ọmọ méjì. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mo bá jókòó lémi nìkan, mo máa ń sọ ìtàn kan fún ara mi: pé mo dákẹ́ kí ọkàn rẹ̀ má bàa gbọgbẹ́, kó má bàa mọ̀ láéláé pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Mo sọ ọ́ títí mo fi gbà á gbọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dà bí ẹni rere.

Oṣù tó kọjá ni tẹlifóònù mi dún lọ́sàn-án. Àǹtí Onídìrí ni. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò yí padà.

"Afẹ́fẹ́, ṣé ibẹ̀ náà lo ti ń fẹ́ báyìí?"

A kí ara wa pẹ́. Ó sọ fún mi pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti kú lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó ní ọkọ Tíṣà náà ti kú, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Mo ní kó bá mi kí Tíṣà.

"Kò fẹ́ ìkíni," ló wí. "Ohun kan ló fẹ́ kí n bi ọ́. Ṣó o rí i, ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tíṣà kékeré kan wá sí ilé ìwé wọn, irú iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ yẹn lòun náà ń ṣe. Ọmọ yẹn ló sọ níṣojú rẹ̀ pé wọn kì í tẹ ìpolówó ara wọn, pé wọ́n á lé èèyàn. Tíṣà tiwa wálé lọ́jọ́ náà, kò lè jẹun. Ó ti mọ̀, ọmọ mi. Ọdún mẹ́wàá ló ti mọ̀ pé àwa la ṣe é. Èmi náà pẹ̀lú rẹ̀. A fi ọwọ́ ara wa ṣe é."

Mo gbé tẹlifóònù sí etí kejì.

"Kò bi ọ́ bóyá àwa la ṣe é. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé lọ́jọ́ tó dì ọ́ lápá mú lẹ́nu géètì, ṣé o mọ̀? Tó bá jẹ́ pé o ò mọ̀, ó ní òun fẹ́ bẹ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé o mọ̀, ó ní kí o sọ fún òun."

Ó ka nọ́ńbà tẹlifóònù Tíṣà fún mi, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n kà á padà. Mo kà á padà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ èsì náà tí mo fi ń pa á rẹ́. Ó rọrùn láti ní mi ò mọ̀. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ nìyẹn, ó dùn ún kà. Tí mo bá fi í ránṣẹ́, obìnrin tí mo fẹ́ láyé yìí á fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí, bóyá á ní kí n máa bọ̀ wálé. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ débi pé ìka mi dúró lórí bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òtítọ́, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ náà ló máa parí sí. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ níkẹyìn, lọ́sàn-án àná, nìyí:

"Tíṣà, mo mọ̀. Ọ̀gá Kafé ti sọ fún mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ. Bí o ṣe di apá mi mú, mo mọ̀. Mo ti ń sọ fún ara mi láti ìgbà náà pé ṣe ni mo bò ọ́ láṣìírí, irọ́ ni. Inú ló bí mi. Mo fẹ́ kí o máa wá ohun tí o ṣe, kí o má rí i. Bàbá rẹ fún mi níṣẹ́, mo kọ̀ ọ́, torí pé bí mo bá gbà á, mi ò ní lè bínú sí ọ mọ́. O ná owó oṣù rẹ lé mi lórí, èmi ò lè ná gbólóhùn kan lé ọ lórí. Má bẹ̀ mí. Ọwọ́ rẹ kọ́ ló tú wa ká, ẹnu mi tí mo pa dé ni. Ohun tí o ti ń rù láti ọdún mẹ́wàá yẹn, jọ̀ọ́, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí. Ẹrù mi ni."